Kọ̀ǹpútà Tí À Ń Pè Ní Bàbá

Ilé elépo ni àwọn ará àdúgbò wa ní Alakia ń pe ibi iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kán epo kan níbẹ̀. Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, àwọn kan gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà ni gbogbo ohun tí a ní, wọ́n ṣépè fún wa, wọ́n bá tiwọn lọ. Onílé nìkan ni kò bínú. Ó ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ni iṣẹ́ wa dá lé, kíá ló fowó kún owó ilé.

Èmi ni Dorothy, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà. Èmi kì í kọ ètò kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ni mò ń kọ, mo ń gba àlejò, mo sì ń rí i pé àwọn tó gbọ́n jù mí lọ rántí jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti wà láàárín wọn, mo sì ní etí.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Epo rọ̀bì kì í dá dúró lábẹ́ ilẹ̀ bí omi ṣe ń dúró nínú kànga. Inú òkúta ló ń sá pamọ́ sí, bí òróró ṣe máa ń wà nínú àkàrà. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ elépo tó náwó gbẹ́ kànga, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí epo náà yóò gbà wá àti ìgbà tí omi yóò dà pọ̀ mọ́ ọn. Kò kúkú sí ẹni tó lè wọlẹ̀ lọ wò ó. Ètò kọ̀ǹpútà wa ló ń bá wọn wò ó. Ó máa ń pín abẹ́ ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè, á sì ṣírò bí epo àti omi yóò ṣe máa rìn láti ebè kan bọ́ sí èkejì fún ogún ọdún gbáko. Ebè náà pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà kan kò lè dá a ro. Ìdí nìyẹn tí a fi to mẹ́rìndínlógún sí yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n jọ máa ṣe é bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró, kí kálukú gba poro tirẹ̀.

Díákónì Hezekiah Láòyè ló kọ ètò náà, òun ló sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, tíṣà míṣọ́ọ̀nù sì ni bàbá tó bí i. Ó kàwé lókè òkun, ó ṣiṣẹ́ fún àwọn elépo títí irun rẹ̀ fi funfun, ó wá fẹ̀yìn tì sí oko rẹ̀ ní Akínyẹlé, ṣùgbọ́n òun ṣì ni alága wa. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọmọdé kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀ níwájú àgbà láìgba àyè. Bó ṣe kọ ètò náà gan-an nìyẹn. Ó fi kọ̀ǹpútà kan ṣe àgbà fún àwọn yòókù, Bàbá la sì ń pè é. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lódì kejì ààlà rẹ̀ kò gbọdọ̀ bi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfi kó lọ bi Bàbá. Bàbá yóò bá a béèrè, yóò padà wá jíṣẹ́ fún un, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi ìgbà tí gbogbo wọn bá ti wá kí i tán.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà jẹ́ mẹ́rin, nǹkan ń lọ déédéé. Nígbà tó di mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹ sáà wo àgbẹ̀ mẹ́rìndínlógún nínú oko kan, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ bi ẹni tó wà ní poro kejì pé ṣé ó ti dé ìdí igi yẹn, àfi kó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó rìn lọ sílé lọ bi baálé. Baálé á máa làágùn, àwọn tó kù á máa dúró. Bí a ṣe ń ra kọ̀ǹpútà kún un ni ètò náà ń falẹ̀ sí i. Wándé tó jẹ́ máníjà wa á sì tún sọ pé ohun tó kù ni pé kí á ra òmíràn.

Olúfúnmi ló rí ìdí rẹ̀. Ọmọ Ìjàyè ni, òun ló kéré jù nínú àwọn tó ń kọ ètò, Bàbá Láòyè fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ṣe ẹ̀dà ètò náà sọ́tọ̀, ó tú ibi tí gbogbo wọn ti ń lọ bi Bàbá palẹ̀, ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa bi aládùúgbò rẹ̀ tààrà. Ìdáhùn kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ń jẹ wá ní gbogbo òwúrọ̀ parí kí n tó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà mi tán. Ó jó wá bá mi nídìí tábìlì. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Àsìkò tó yẹ gan-an ló rí i. Ilé-iṣẹ́ elépo kan ṣoṣo ló kù tó ń lo ètò wa, wọ́n sì ti kọ̀wé pé àwọn ń rán ẹnjiníà kan bọ̀ láti wá fi ojú ara rẹ̀ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ti òyìnbó ni wọ́n máa lọ gbà, a ó sì ti ilẹ̀kùn ilé elépo pa. Ní gbogbo agbègbè Ìbàdàn yìí, kò sí ibòmíràn tí Olúfúnmi ti lè rí irú iṣẹ́ náà. Ó ní bí ibí bá kú, òun á lọ máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ yẹn burú. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ náà fẹ́ràn èyí dé egungun ni.

Ó lọ bá Wándé. Mo wà níbẹ̀, mo ń to fáìlì tí kò nílò títò.

"Ó ṣiṣẹ́?" ni Wándé bi í.

"Ó ṣiṣẹ́, sà. Ìdáhùn kan náà ni, ó kàn ń yára ni."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Wándé dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Ta ló máa wá sọ fún Bàbá?"

Ìlànà wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ láìjẹ́ pé a ti sọ ọ́ sí i létí.

"Ẹ̀yin ni máníjà, sà," ni Olúfúnmi wí.

"Èmi tí mo fẹ́ ọmọ wọn? Kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àna mi, kí n ní ẹ kú iṣẹ́, sà, iṣẹ́ yín ò dáa?"

Wọ́n pe Roheem, ẹnìkejì Olúfúnmi nídìí kíkọ ètò. Roheem ti orí àga bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kó lọ jí màlúù gbé. "Bàbá Láòyè ló gbé mi wá síbí nígbà tí gbogbo ayé ní kò sí àyè. Wàláhì, kò lè ti ẹnu mi jáde. Ẹ jẹ́ kí Olúfúnmi lọ, òun ni Bàbá fẹ́ràn jù."

"Ohun tó jẹ́ kí n má lè lọ gan-an nìyẹn," ni Olúfúnmi wí.

Nígbà tí kò sí ẹni tó lè lọ, wọ́n ṣe ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ṣe. Wọ́n dá kọ̀mítì sílẹ̀. Gbogbo wa la wà nínú rẹ̀, èmi ni mo gbé páálí máláàtì. Lọ́jọ́ Sátidé a forí lé Akínyẹlé, a sì fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú ọkọ̀ láti Alakia títí dé ẹnu ọ̀nà oko. Ó yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu dáadáa.

Bàbá wà lábẹ́ igi máńgòrò, inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ó gbàdúrà fún wa, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ. Wándé tẹnu bọ ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ayé ti ń yí padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun tó dáa lánàá, sà..."

"Ó ṣì lè dáa lónìí," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn."

Roheem ní ẹ̀gẹ́ Bàbá ta dáadáa lọ́dún yìí. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí Olúfúnmi.

"Ètò wa ńkọ́? Ṣé ó ń sáré?"

Olúfúnmi wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ó ń gbìyànjú, sà."

Bàbá wò ó, ó wo gbogbo wa yíká. "Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ kí n mọ̀?"

"Kò sí, sà," ni gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti wà nílé-iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ náà nìkan ni mo rí i tí a jọ ṣe nǹkan pọ̀ láìdúró de ara wa. Bàbá fún wa ní ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan àti àpò ẹ̀gẹ́, a sì padà sílé.

Wándé wá ní òun ti rí ọgbọ́n dá sí i. Bí ètò kò bá lè yára, ìpàdé lè falẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà kí a tó ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kí a wá máa fa ètò ìpàdé gùn títí ìṣirò yóò fi parí. Àlejò á rò pé ó yá, nítorí pé kò ní mọ̀ pé ó ń dúró. Olúfúnmi ní ìyẹn kò bọ́ sí i. Wándé bi í pé ṣé ó ti wá ṣe tán láti lọ bá Bàbá sọ̀rọ̀ ni. Olúfúnmi bá padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Bàbá náà ti Akínyẹlé wá láti jókòó gẹ́gẹ́ bí alága. A ti gbé àga ńlá kan kalẹ̀ fún àlejò, a rò pé ọkùnrin oníkùn kan ni wọ́n máa rán. Obìnrin kékeré kan ló sọ̀kalẹ̀ nínú táksí, òun nìkan, pẹ̀lú báàgì kan léjìká. Ó ní Gift lorúkọ òun, ẹnjiníà ni òun, kò gbọ́ Yorùbá, kí a bá òun sọ Gẹ̀ẹ́sì, bàálù òun yóò sì gbéra lọ́sàn-án. Ó mú dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwọ̀n oko epo wọn, wá fún wa. Wándé tẹ ètò náà, ojú ẹsẹ̀ ló sì ní kí n gbàdúrà.

Èmi ni wọ́n yàn nítorí pé ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni mí, ẹnu mi kì í sì í tètè gbẹ. Mo gbàdúrà fún ìpàdé, fún orílẹ̀-èdè, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà, fún àwọn tó ń wa bàálù. Mo la ojú kan. Nínú ogún ọdún tí ètò náà fẹ́ ṣírò, kò tíì kúrò ní ọdún kejì. Wándé ń fọwọ́ júwe sí mi pé kí n máa bá a lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn àdúrà, orin. Lẹ́yìn orin, Wándé ka ọ̀rọ̀ ìkínikáàbọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Roheem dìde, ó kí alága wa, Bàbá wa, ó kí máníjà wa, ó kí àlejò wa pàtàkì, ó kí gbogbo ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó wá sọ pé ohun tí máníjà sọ ni òun náà fẹ́ sọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ. Bàbá jókòó sórí àga alága, ó gbé ọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Gift kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ti rí apá kan lójú kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn. Àmì ọ̀kan pupa bí iná. Ti àwọn yòókù kò mì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí nígbà tí Roheem ṣì ń sọ̀rọ̀, "kí ni àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ń ṣe?"

"Wọ́n ń dúró, mà," ni Wándé dáhùn.

"De kí ni?"

Ètò tí Olúfúnmi tún ṣe wà nínú láptọ́ọ̀pù tó gbé lé itan. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìka lé e, ó wo Bàbá, ó sì ká ìka náà kò. Roheem ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Wándé ní iná ni. Mo ní kí àlejò wa mu omi.

Gift dúró títí ó fi tó àsìkò. Ó dìde, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí lálejò. Ètò yìí ò lè bá iṣẹ́ wa mu, ó falẹ̀ jù. Mo máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀gá mi." Wándé sìn ín dé ìdí táksí, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ Akínyẹlé mẹ́ta lé e lọ́wọ́, Ọlọ́run ló mọ ohun tó fẹ́ kó fi ṣe nínú bàálù.

A rò pé Bàbá máa dìde. Kò dìde.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Kí ló ṣe ètò mi?"

"Bàbá, nẹ́tíwọ̀kì..." ni Wándé bẹ̀rẹ̀.

"Wándé, dákẹ́."

Olúfúnmi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Kọ̀ǹpútà Bàbá ni. Àwọn yòókù ń dúró dè é. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, sà."

Wándé fọwọ́ bojú. Èmi di ojú mi, mo sì gba àdúrà tó kúrú jù tí mo gbà rí láyé mi.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí.

Wándé mú ọwọ́ kúrò lójú.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe, ojú mi ò gbé e mọ́, orí mi ò sì gbé e. Ojú wá tì mí. Mo rò pé ẹ ò mọ̀. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ yìí bá ṣì ń fi ojú ẹni ńlá wò mí, kí n rọra máa ṣe ẹni ńlá lọ títí Ọlọ́run á fi pè mí."

"A mọ̀, sà," ni Roheem wí. "Tiyín là ń rò tá ò fi sọ."

Inú bí mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú bí mi, sí Bàbá, sí Wándé, sí èmi alára tí mo fi ẹnu mi yí gbogbo orílẹ̀-èdè ká láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo sínú kúlà, kí n má bàa sọ̀rọ̀.

"Olúfúnmi," ni Bàbá wí, "tẹ tìrẹ kí a wò ó."

Ó tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú dátà tí Gift fi sílẹ̀. Àmì mẹ́rìndínlógún jí lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ògiri tí ẹ̀rọ ń gbé àwòrán sí, epo rọ̀bì aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, omi aláwọ̀ aró ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, ọdún ń gorí ọdún. Mi ò tíì kó àwo tán tó fi dé ogún. Bàbá ti dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wo bó ṣe ń sáré," ló ń wí. "Ẹ wo iṣẹ́ mi bó ṣe ń sáré."

Wándé ti ń tẹ fóònù. Bàálù kò tíì dé, Gift ṣì wà ní pápákọ̀. Wándé ṣí fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́, ó sì ṣàlàyé pé a ti tún un ṣe, ìdáhùn ti jáde, a ti fi ránṣẹ́ sí i. Gift ní òun ń wò ó lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi èyí hàn mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ọ̀rọ̀ náà gùn, mà," ni Wándé wí.

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́, mo máa sọ fún wọn pé kí a máa lò ó lọ. Òun la máa fi pinnu ibi tí a ó gbẹ́ àwọn kànga wa tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ béèrè. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà nínú ètò náà tó yẹ kí n mọ̀?"

Ó wà. Olúfúnmi ti sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn nígbà tí à ń jẹun. Bí kànga epo bá bọ́ sí orí ààlà kọ̀ǹpútà méjì, àwọn méjèèjì ló máa ń sọ pé tàwọn ni, ètò náà á sì ka epo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ á lọ gbẹ́ kànga ńlá sórí epo tí kò sí. Bàbá ló kọ ibẹ̀ náà, Olúfúnmi kò sì tíì fọwọ́ kàn án.

"Dá wọn lóhùn, Olúfúnmi," ni Bàbá wí ní Yorùbá. "Òtítọ́ ni kí o sọ. Má wo ojú mi."

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ojú rẹ̀ ṣì tutù, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n forí jì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Olúfúnmi wo ojú rẹ̀.

"Kò sí, mà," ló wí sínú fóònù. "Gbogbo ìyókù dáa."